Ọ̀rọ̀ wo ni kí n kọ síbẹ̀?

Atúmọ̀
Ẹ kú iṣẹ́ o. Ìwé pélébé kan lórí ìlera ni mò ń túmọ̀ sí Yorùbá, ibi tí wọ́n ti dárúkọ àwọn gay ni mo há sí. Adófùrọ̀ ni mo kọ́kọ́ kọ, torí òun ni gbogbo èèyàn mọ̀. Mo kà á sókè, ojú tì mí. Èébú gidi ni. Mo pa á rẹ́, mo kọ "àwọn tó ń bá ọkùnrin ẹgbẹ́ wọn lò pọ̀". Ẹni tí kò tíì bá ẹnikẹ́ni sùn rí ńkọ́? Òun náà mọ ibi tí ọkàn òun ń fà sí. Mi ò fẹ́ kí ẹni tó nílò ìwé yìí ka ìlà kìíní kó jù ú nù.

Àbíkẹ́
"Akọ sákọ" làwọn oníròyìn ń lò, kò tẹ́ mi lọ́rùn rárá. Ẹran la máa ń pè ní akọ àti abo. Ẹ kọ "ọkùnrin", ẹ jọ̀ọ́.

Olùkọ́Èdè
Ẹ má fi ti Gẹ̀ẹ́sì wọn gbogbo èdè o. Èdè Jámánì ni homosexual, ọ̀rọ̀ mìíràn fún gay, ti bẹ̀rẹ̀. Òǹkọ̀wé kan, Karl-Maria Kertbeny, ló tẹ̀ ẹ́ jáde lọ́dún 1869, nígbà tó ń ta ko òfin tó ń fìyà jẹ wọ́n. Àwọn dókítà wá gbà á mọ́ ọn lọ́wọ́. Inú ìwé àrùn ọpọlọ ló wà ní Amẹ́ríkà títí di 1973, ìdí nìyẹn tí ọ̀pọ̀ elédè Gẹ̀ẹ́sì fi ń sá fún un. Homosexuel kò fi bẹ́ẹ̀ ta Faransé létí. Ní Jàpáànù, homo ti di èébú, gei ni wọ́n ń fẹ́. Lárúbáwá ń pè wọ́n ní shadh, ẹni tó yapa. Mithli làwọn fúnra wọn yàn, láti ara "irú kan náà". Tongzhi ti Ṣáínà ló wù mí jù: ẹni tí èrò rẹ̀ bá tẹni dọ́gba. Orúkọ tí àwọn olóṣèlú fi ń pe ara wọn ni tẹ́lẹ̀.

Atúmọ̀
Ẹ ṣeun gan-an. Mo pe ẹnì kan tí ọ̀rọ̀ náà kàn, mo kà á fún un lórí fóònù. Nígbà tí mo dé adófùrọ̀, ó ní, "Ohun tí bàbá mi pè mí nìyẹn lọ́jọ́ tí wọ́n lé mi jáde." Mo ka "ọkùnrin tí ọkàn rẹ̀ ń fà sí ọkùnrin". Ó dákẹ́ díẹ̀, ó ní kí n tún un kà. Ohun tí mo kọ nìyẹn. Ó gùn ju àyè tí wọ́n fún mi lọ. Mo ti ní kí wọ́n fẹ àyè náà sí i.