Kí ló dé tí abẹ́rẹ́ GnRH nìkan kò mú abo àrọ̀ sọ ẹyin?

Títí_Olómi

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin àgbà. Iṣẹ́ ẹja sísìn ni mò ń kọ́, ọ̀rọ̀ kan ò sì jẹ́ kí n sùn. Mo gún abo àrọ̀ kan ní GnRH, họ́mónù tí ọpọlọ fi ń pàṣẹ ọ̀rọ̀ ẹyin sísọ, irú èyí tí wọ́n ṣe ní ilé ìwádìí. Ikùn ẹja náà rọ̀ dáadáa, ojú ìdí rẹ̀ pọ́n, ẹyin kún inú rẹ̀. Nígbà tí àkókò tó, mo fọwọ́ ra ikùn rẹ̀ títí, ẹyọ kan ò jáde. Abo kejì tó jọ ọ́ bí ìbejì, GnRH tí wọ́n po domperidone mọ́ ni mo gún un. Bí mo ṣe fọwọ́ kàn án báyìí ni ẹyin ń dà.

Mo wá wo ohun tí domperidone jẹ́, mo rí i pé oògùn tí wọ́n fi ń dá èébì dúró lára èèyàn ni. Kí ni oògùn èébì ń wá nínú ọ̀rọ̀ ẹyin ẹja? Ṣé GnRH tèmi ni kò lágbára ni? Ṣé kí n sọ ọ́ di ìlọ́po méjì? Ẹ jọ̀ọ́, kì í ṣe pé kí ẹ kàn sọ iye tí màá gún fún mi. Ohun tó ń ṣẹlẹ̀ nínú orí ẹja yẹn gan-an ni mo fẹ́ mọ̀.

Bàbá_Láàbù

Títí, o ṣeun tó o béèrè bó ṣe yẹ ká béèrè. Kò sí ohun tó ṣe GnRH rẹ. Má wulẹ̀ sọ ọ́ di ìlọ́po méjì. Ẹja yẹn gbọ́ ohun tó o wí, àmọ́ ohùn mìíràn wà nínú orí rẹ̀ tó ń sọ pé "má ṣe é," ohùn yẹn ni o kò tíì pa lẹ́nu mọ́.

Lábẹ́ ọpọlọ ni pituitary wà, kókó tín-ńtín kan. Òun ló ń tú họ́mónù kan tí wọ́n ń pè ní LH sínú ẹ̀jẹ̀. LH yìí ló ń mú kí ẹyin gbó tán, kó sì já kúrò nínú àpò rẹ̀. Bí LH kò bá pọ̀ lójijì, bó o bá ra ikùn ẹja títí di ọ̀la, ẹyin kò ní jáde.

Nínú àwa èèyàn, ọpọlọ máa ń da GnRH sínú iṣan ẹ̀jẹ̀ kéékèèké tó ń gbé e lọ sí pituitary. Ti àrọ̀ àti goldfish kò rí bẹ́ẹ̀. Iṣan ọpọlọ fúnra rẹ̀ ló gùn wọ inú pituitary, tó ń tú kẹ́míkà rẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́ àwọn sẹ́ẹ̀lì LH. Oríṣi méjì tó kàn wá nínú ọ̀rọ̀ yìí nìyí: èyí tó ń tú GnRH, tó ń pàṣẹ pé kí LH jáde, àti èyí tó ń tú dopamine, tó ń pàṣẹ pé kó dúró. Dopamine ni ìjánu.

Ìjánu yìí kì í sì í ṣe ti ibì kan ṣoṣo. Dopamine ń dí sẹ́ẹ̀lì LH lọ́wọ́ ní tààrà, nípasẹ̀ ojú ìgbà rẹ̀ (ibi tí sẹ́ẹ̀lì ti ń gba iṣẹ́ tí kẹ́míkà rán sí i) tí wọ́n ń pè ní D2. Ó ń dín GnRH tí iṣan kejì ń tú kù. Ó tún ń dín iye ojú ìgbà GnRH tó wà lára pituitary kù. Nítorí náà, nígbà tó o gún ẹja yẹn ní GnRH nìkan, ilẹ̀kùn tí GnRH ìbá gbà wọlé kò pọ̀, sẹ́ẹ̀lì tó sì wà lẹ́yìn ilẹ̀kùn, wọ́n ti dì í mú. Domperidone ń lọ jókòó sórí D2 kí dopamine má baà ríbi jókòó. Ìgbà yẹn ni GnRH tó ríṣẹ́ ṣe. Ní ti èébì, ojú ìgbà D2 kan náà ló wà níbi tí ọpọlọ èèyàn ti ń ṣọ́ èébì, ìdí rẹ̀ nìyẹn tí oògùn náà fi ń ṣiṣẹ́ níbẹ̀.

Richard Peter ti University of Alberta ní Kánádà àtàwọn tí wọ́n jọ ṣiṣẹ́ ló tú àṣírí yìí lára goldfish. Ní nǹkan bí ọdún 1980, wọ́n pa apá kékeré kan run níwájú ọpọlọ ẹja náà. LH ròkè fúnra rẹ̀, ẹja sì sọ ẹyin láìsí abẹ́rẹ́ kankan. Mo fẹ́ràn àyẹ̀wò yẹn gan-an. Ẹni tó bá rí i kò ní bi ọ́ léèrè mọ́ pé ṣé nǹkan kan ń dá LH dúró. Lẹ́yìn náà ni òun àti Lin Hao-Ran ní Ṣáínà sọ ìmọ̀ yìí di ọ̀nà ìgúnlábẹ́rẹ́ tí wọ́n fi orúkọ àwọn méjèèjì pè, Linpe.

Àrẹ̀mú

Ẹ̀gbọ́n, mo dúpẹ́. Ṣùgbọ́n mo mọ àwọn tó ń sin ẹja òkun, GnRH nìkan ni wọ́n ń lò, ẹja wọn sì ń sọ ẹyin. Ṣé ẹja tiwọn kò ní dopamine ni?

Bàbá_Láàbù

Wọ́n ní in, Àrẹ̀mú. Ohun tí wọ́n fi í ṣe ló yàtọ̀. Nínú ẹja òkun kan tí wọ́n ń pè ní Atlantic croaker, wọn kò rí i kí dopamine máa dá LH dúró. Ẹja òkun púpọ̀ ló rí bẹ́ẹ̀, ìdí nìyẹn tí GnRH fi tó wọn. Lára àrọ̀, goldfish àti carp, ìjánu náà le. Ti eel ilẹ̀ Yúróòpù tún kọjá bẹ́ẹ̀: dopamine wà lára ohun tí kò jẹ́ kí ẹja náà bàlágà ní gbogbo ọdún tó fi ń gbé inú omi aládùn.

Ẹ má sì pe dopamine ní ọ̀tá. Lára goldfish kan náà, nínú pituitary kan náà, dopamine yìí ló ń mú kí họ́mónù ìdàgbàsókè jáde, nítorí pé ojú ìgbà D1 ló wà lára àwọn sẹ́ẹ̀lì yẹn. GnRH náà ń mú un jáde. Àwọn méjì tó ń bára wọn jà lórí LH, wọ́n ń ran ara wọn lọ́wọ́ lórí ìdàgbàsókè! Ohun tí mo máa ń tẹnu mọ́ fáwọn ọ̀dọ́ nìyẹn: ẹ má béèrè pé "kí ni kẹ́míkà yìí ń ṣe?" Ẹ béèrè pé sẹ́ẹ̀lì wo ló ń bá sọ̀rọ̀, ojú ìgbà wo ló wà níbẹ̀, àti ta ni òun pẹ̀lú rẹ̀ jọ wà níbẹ̀.

Ṣadé_K

Ẹ jọ̀ọ́ sà, tèmi kì í ṣe ti ẹyin. Nínú táǹkì mi, àwọn ńlá ń lé àwọn kékeré kiri. Kódà tí mo bá ṣà àwọn ńlá kúrò, àwọn kékeré yìí kì í jẹun dáadáa. Ṣé ọ̀rọ̀ ọpọlọ náà ni?

Bàbá_Láàbù

Bẹ́ẹ̀ ni, ìyá mi, serotonin, kẹ́míkà ọpọlọ mìíràn, sì ni kí ẹ kọ́kọ́ wò. Lára rainbow trout àti Arctic charr, ẹja tí wọ́n ń fìyà jẹ máa ń lo serotonin lálòjù nínú ọpọlọ, cortisol rẹ̀, họ́mónù ìdààmú, á ròkè, kò ní fẹ́ jẹun, kò sì ní fẹ́ rìn káàkiri. Bí ẹ bá mú ọ̀gá kúrò, kì í ṣe ojú ẹsẹ̀ ni gbogbo rẹ̀ máa ń rọlẹ̀.

Àwọn olùwádìí gbé e yẹ̀ wò láti ọ̀nà oúnjẹ. Tryptophan ni ara fi ń ṣe serotonin. Wọ́n po púpọ̀ rẹ̀ mọ́ oúnjẹ ọmọ rainbow trout. Lẹ́yìn ọjọ́ 3, kò sí ìyàtọ̀. Lẹ́yìn ọjọ́ 7, ìjà wọn dínkù. Ní ti dopamine, Arctic charr tí wọ́n fún ní L-dopa, ohun tí ara fi ń ṣe dopamine, ló sábà máa ń di ọ̀gá lórí ẹnì kejì rẹ̀. Ẹ rí i pé dopamine tún ti débí.

Ipò láwùjọ sì ń padà lọ kan GnRH. Ẹja kan wà nínú adágún Tanganyika, Astatotilapia burtoni. Akọ tí wọ́n ń tẹ̀ mọ́lẹ̀, bí ọ̀gá bá kúrò, láàárín ìṣẹ́jú díẹ̀ àwọ̀ rẹ̀ á tàn, á máa lé àwọn ẹlòmíràn. Kó tó tó ìdajì wákàtí, wọ́n ti rí ìyípadà nínú àwọn sẹ́ẹ̀lì GnRH inú ọpọlọ rẹ̀. Bó bá pẹ́ lórí oyè, àwọn sẹ́ẹ̀lì náà á tóbi sí i.

Títí_Olómi

Bàbá, ẹ ṣeun púpọ̀. Ìbéèrè kan ló kù: mo ní goldfish náà. Ṣé dandan ni kí n gún akọ rẹ̀ lábẹ́rẹ́ pẹ̀lú?

Bàbá_Láàbù

Jẹ́ kí abo bá ọ ṣe é. Bí ẹyin abo goldfish bá ti ń gbó lọ, ó máa ń tú họ́mónù kan tí wọ́n ń pè ní 17,20β-P sínú omi. Imú akọ máa ń gbọ́ ọ, bó ti wù kó kéré tó. Dopamine tó ń dá LH akọ dúró á dẹwọ́, LH á gòkè, kó tó di àárọ̀ àtọ̀ rẹ̀ á ti pọ̀ sí i. Nítorí náà, ìrọ̀lẹ́ ni kó o kó wọn pọ̀, má dúró di ìgbà tí abo bá ti sọ ẹyin tán.

Nígbà tí ẹyin bá já, kẹ́míkà kan tí ara abo ń ṣe, prostaglandin F2α, ló kàn. Inú ọpọlọ abo ló ti ń ṣiṣẹ́ kí ó lè máa fara ro koríko omi láti sọ ẹyin. Èyí tó bá jáde sínú omi nínú rẹ̀, akọ á tún gbọ́ òórùn rẹ̀, á sì bẹ̀rẹ̀ sí í lé abo. Abo tí kò tiẹ̀ ní ẹyin kankan nínú, tí wọ́n bá gún un ní F2α, yóò ṣe gbogbo rẹ̀ bí ẹni tó ń sọ ẹyin.