Òròmọdìẹ wa tó sorí kọ́: ẹ sọ ohun tí ojú tiyín rí

Ará Ṣómólú:

Ẹ kú ilé o, ẹ̀yin ará wa. Oṣù keje ọdún tó kọjá ni èyí ṣẹlẹ̀, nígbà tí òjò ò jẹ́ kí aṣọ gbẹ lórí okùn. Ọmọ mi obìnrin ra òròmọdìẹ mẹ́ta lọ́wọ́ ọkùnrin kan tó ń gbé wọn kiri àdúgbò nínú páálí. Méjì kú kí ọ̀sẹ̀ tó yí po. Èyí tó kù ló sọ ní Wúrà. Kì í ṣe adìẹ tí a fẹ́ pa jẹ. Bí ọmọ yìí bá jókòó ti iṣẹ́ àṣetiléwá, Wúrà á gun ẹsẹ̀ rẹ̀, á sùn síbẹ̀.

Ó ń lọ sí ọ̀sẹ̀ márùn-ún nígbà tó yí padà. Ohun tí mo kọ́kọ́ rí kò jọ àìsàn lójú mi: adìẹ tó máa ń sáré pàdé àwo oúnjẹ dúró sẹ́yìn, ó kàn ń wò wá. Mo ní bóyá ó ti yó. Lọ́jọ́ kejì ó ká ọrùn mọ́ra, ìyẹ́ rẹ̀ wú, apá rẹ̀ méjèèjì wọ́lẹ̀, ó ń tòògbé lọ́sàn-án gangan. Mo ní òtútù òjò ni. Mo tú kápúsù kan tó ṣẹ́ kù nínú oògùn tí àwa fúnra wa lò sínú omi rẹ̀, torí bí mo ṣe rí i tí wọ́n ń ṣe é láti kékeré nìyẹn. Ìyá àgbà tó wà ní yàrá kejì ní kí n fún un ní epo pupa, mo fún un. Ara rẹ̀ kò yá.

Ọmọ mi ló rí ẹ̀jẹ̀. Láàárọ̀ ọjọ́ kẹta ó pè mí: “Mọ́mì, ẹ wá wo ìgbẹ́ Wúrà.” Ó pọ́n bí ata tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ lọ̀. Àyà mi já.

Dókítà ẹran tí mo pè bi mí ní ìbéèrè mẹ́ta: ọ̀sẹ̀ mélòó ni adìẹ náà, báwo ni ìgbẹ́ rẹ̀ ṣe rí, ṣé ibi tó ń sùn tutù? Ó ní kí n bu ìgbẹ́ yẹn sínú ọ̀rá, kí n gbé e wá pẹ̀lú adìẹ. Wọ́n yẹ̀ ẹ́ wò, wọ́n ní coccidiosis ni. Kòkòrò tíntín kan tí ojú lásán kò lè rí, Eimeria, ló ń fà á. Inú ìfun ló ń gbé, ó sì ń ba ara ìfun jẹ́ títí ẹ̀jẹ̀ á fi máa bá ìgbẹ́ jáde. Ẹyin kòkòrò náà ń bá ìgbẹ́ bọ́ sílẹ̀; bí ilẹ̀ bá tutù tí ooru sì mú, láàárín ọjọ́ kan sí méjì, ó ti lè ran adìẹ tó bá ṣà á jẹ. Èérún igi tí mo gbà lọ́wọ́ káfíńtà tẹ́ fún un, tí òjò wọlé rin, tí mo sì fi sílẹ̀ bẹ́ẹ̀ fún ọjọ́ mẹ́rin, ibẹ̀ ni gbogbo rẹ̀ ti wá. Ó dùn mí wọnú egungun. Ojoojúmọ́ ni mò ń gbálẹ̀ ilé mi.

Oògùn amprolium ni wọ́n fún wa, inú omi ni a ń pò ó sí, omi mìíràn kò sì gbọdọ̀ sí níwájú rẹ̀. Mo béèrè bóyá kí n fi fítámì tí mo ti rà kún un. Wọ́n ní kí n dá a dúró ná. Bí amprolium ṣe ń ṣiṣẹ́ ni pé kì í jẹ́ kí kòkòrò yẹn rí fítámì B1 gbà. Bí mo bá tún ń da B1 sínú omi kan náà, kòkòrò ni mò ń bọ́. Kápúsù tiwa yẹn kì í sì í ṣe oògùn rẹ̀ rárá. Wọ́n tún kìlọ̀ pé bílíìṣì kì í pa ẹyin kòkòrò náà, omi híhó ni kí n dà sí ilẹ̀ ibẹ̀, kí n sì máa pààrọ̀ ohun tí mo tẹ́ lójoojúmọ́.

Ooru ló fún mi níṣẹ́ jù. Òròmọdìẹ ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́ ń fẹ́ ooru tó tó ìwọ̀n 32 sí 35 ti Sẹ́lísíọ́ọ̀sì, a ó sì máa dín in kù ní bíi 3 lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀. Wúrà ti dàgbà ju ìyẹn lọ, ṣùgbọ́n adìẹ tó ń ṣàìsàn kì í lè mú ara rẹ̀ móoru. Iná ò sì sí. Mò ń rọ omi gbígbóná sínú ìgò ike, mò ń fi táwẹ́ẹ̀lì wé e, mò ń gbé e sí ẹ̀gbẹ́ kan páálí, kó lè rí ibi sún sí bí ooru bá pọ̀ jù. Mò ń jí pààrọ̀ rẹ̀ lóru. Mi ò lo ìkòkò eédú, torí èéfín rẹ̀ nínú yàrá títì lè pa adìẹ, ó lè pa èèyàn.

Lọ́jọ́ kẹta oògùn, ẹ̀jẹ̀ dá. Lọ́jọ́ karùn-ún, ọmọ mi ti ilé ìwé dé, Wúrà gbóhùn rẹ̀, ó dìde.

Ará Ìsàlẹ̀ Èkó:

Ẹ kú ìtọ́jú, ìyá wa. Ojú ni tèmi. Ẹ̀yìnkùlé wa há, gọ́tà wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, ẹ̀fọn pọ̀. Kókó kéékèèké hù sí ogbe àti ẹ̀gbẹ́ ẹnu adìẹ mi, ó di èépá dúdú, ojú rẹ̀ sì lẹ̀ pa. Fowl pox ni wọ́n ń pe àrùn yẹn, ẹ̀fọn ló ń gbé e kiri. Kò sí oògùn tó ń pa á, wọ́n sì ní kí n má ṣí èépá. Ebi ló fẹ́ pa á, torí kò rí oúnjẹ. Òwú àti omi lọ́wọ́ọ́wọ́ tó níyọ̀ díẹ̀ ni mo fi ń nu ojú rẹ̀, mò ń fi ẹnu rẹ̀ kan oúnjẹ. Ó tó ọ̀sẹ̀ mẹ́ta kí èépá náà tó bọ́. Inú nẹ́ẹ̀tì ló ń sùn báyìí.

Ará Èbúté Mẹ́ta:

Tèmi kò yọrí síre. Oṣù kejìlá, ọyẹ́ ti dé, mo ra àgbébọ̀ kan lọ́jà, mo sì dà á pọ̀ mọ́ àwọn ọmọ adìẹ mẹ́fà tí mo ti ń tọ́jú. Ìgbẹ́ wọn di àwọ̀ ewé, wọ́n ń la ẹnu mí, ọrùn èyí tó kẹ́yìn lọ́ débi pé òkè ló ń wò. Lúkúlúkú ni, èyí tí àwọn dókítà ẹran ń pè ní Newcastle. Láàárín ìparí 1952 sí ìbẹ̀rẹ̀ 1953 ni wọ́n ti kọ́kọ́ ṣe àkọsílẹ̀ rẹ̀ ní Nàìjíríà, ní Ìbàdàn, títí dòní kò tíì sí oògùn rẹ̀. Àjẹsára nìkan ló ń dènà rẹ̀, wọ́n máa ń kán an sójú òròmọdìẹ. Mi ò gbà á fún wọn. Mo sunkún lórí wọn, kò sì tì mí lójú. Aládùúgbò kan ní kí n ta èyí tó ń kú lọ fún òun láti sè, mo kọ̀. Ojú lásán kò lè mọ lúkúlúkú yàtọ̀ sí àrùn flú ẹyẹ, èyí sì pa obìnrin kan ní Èkó yìí ní oṣù kìn-ín-ní ọdún 2007. Adìẹ tuntun yòówù tí mo bá rà báyìí, ọjọ́ 21 ló ń lò lọ́tọ̀.

Ará Bàríga:

Ẹ̀gbọ́n Ṣómólú, ẹ jọ̀ọ́, tèmi kò mu omi láti àná. Ṣé kí n fi sírínjì rọ ọ́ sí i lọ́fun?

Ará Ṣómólú:

Àbúrò, má rọ ọ́. Ó lè gba ọ̀nà èémí lọ. Ki ìka bọ omi, kán an sí ẹ̀gbẹ́ ẹnu rẹ̀, dúró kó gbé e mì, kó o tó kán òmíràn. Wo ìdí rẹ̀ pẹ̀lú, bí ìgbẹ́ bá ti gbẹ dí i, fi omi lọ́wọ́ọ́wọ́ rẹ ẹ́ kúrò, má fà á tu. Báwo ni ìgbẹ́ rẹ̀ ṣe rí láàárọ̀ yìí?