Ẹ gbà mí nímọ̀ràn: kí ni mo lè bá àwọn ọmọ wẹ́wẹ́ ṣe fún Halloween tí kò ní dẹ́rù bà wọ́n?

Ìyá Ẹ̀gbọ́n àti Àbúrò, Houston

Ẹ̀yin ìyá àti bàbá inú ẹgbẹ́ yìí, ẹ kú ìtọ́jú ọmọ o. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ fara balẹ̀ kà á tán fún mi.

Ọmọ méjì ni mo ní. Ẹ̀gbọ́n jẹ́ obìnrin, ọmọ ọdún 4. Àbúrò rẹ̀ ọkùnrin ti lé díẹ̀ ní ọdún 2. Oṣù Kejìlá tó kọjá la dé láti Ìbàdàn, Halloween, tó máa ń bọ́ sí 31 Oṣù Kẹwàá, ti lọ nígbà yẹn, nítorí náà èyí tó ń bọ̀ yìí ni àkọ́kọ́ wa. Jẹ́lé-ó-sinmi tí ẹ̀gbọ́n ń lọ ti kọ̀wé ránṣẹ́ pé kí ọmọ kọ̀ọ̀kan mú ohun kan tó fọwọ́ ara rẹ̀ ṣe wá.

Lọ́sẹ̀ tó kọjá, mo kó àwọn méjèèjì lọ ra ìwé aláwọ̀ àti gọ́ọ̀mù. Ẹnu ọ̀nà ṣọ́ọ̀bù yẹn ni wọ́n gbé egungun òkú kan kọ́ sí, ojú rẹ̀ ń tàn pupa. Bá a ṣe fẹ́ gba ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ kọjá ló bú sẹ́rìn-ín. Àbúrò dì mọ́ mi lọ́rùn, ó ń gbọ̀n, kò tilẹ̀ lè ké. Alẹ́ mẹ́ta gbáko ni kò fi gbà kí n pa iná yàrá. Títí di báyìí, tó bá ti rí òjìji lára ògiri, á ní, "Mọ́mì, ó ń bọ̀."

Iṣẹ́ alẹ́ ni mò ń ṣe. Wákàtí kan péré ni mo máa ń rí bá wọn ṣeré nírọ̀lẹ́ kí n tó jáde. Ìyá ọkọ mi sì ti pè láti Ìbàdàn pé ká má fi ọmọ òun ṣe ohun òkú. Mi ò fẹ́ ba màmá nínú jẹ́, mi ò sì fẹ́ kí ọmọbìnrin mi nìkan lọ́wọ́ òfo láàárín ẹgbẹ́ rẹ̀. Kí ni kí n ṣe?

Tíṣà Ọmọ Wẹ́wẹ́, Maryland

Àbúrò mi, ẹ pẹ̀lẹ́, ẹ bá mi kí ọkùnrin kékeré yẹn. Kíláàsì ọmọ ọdún 2 sí 3 ni mo wà láti ọdún 11 sẹ́yìn, kò sí ọdún kan tí irú rẹ̀ kì í ṣẹlẹ̀. Ọmọ tó kéré tó yẹn kò tíì mọ ìyàtọ̀ láàárín eré àti òótọ́. Tẹ́ ẹ bá ní "irọ́ ni, kì í ṣe òkú," ojú rẹ̀ ṣáà rí i.

Ẹ pa òkú àti egungun tì pátápátá. Ẹ mú elégédé, àdán àti alántakùn. Ohun tí Ọlọ́run dá ni gbogbo wọn, màmá Ìbàdàn náà mọ̀ wọ́n.

Àdán ni kẹ́ ẹ fi bẹ̀rẹ̀. Ẹ wá páálí róbótó tí tísù ilé ìgbọ̀nsẹ̀ máa ń wé mọ́. Ẹ fi ìka tẹ etí rẹ̀ lókè wọnú láti iwájú, kẹ́ ẹ wá tẹ̀ ẹ́ wọnú láti ẹ̀yìn. Igun méjì máa yọ ṣóńṣó lọ́tùn-ún lósì: etí àdán nìyẹn, ẹ ò fi sísọ́ọ̀sì kàn án. Kí ọmọ fi ọ̀dà dúdú kùn ún. Tó bá gbẹ, ẹ gé ìyẹ́ lára ìwé dúdú, ẹ lẹ̀ ẹ́ mọ́ ẹ̀yìn rẹ̀, ẹ lu ihò sí ìsàlẹ̀, ẹ so òwú mọ́ ọn, ẹ gbé e kọ́. Àdán dorí kodò, ó ń wòṣe ẹyẹ. Mo máa ń kọ́ àwọn ọmọ Yorùbá inú kíláàsì mi ní gbólóhùn yẹn, wọ́n á sì máa pè é káàkiri ilé fún ọ̀sẹ̀ kan.

Ti alántakùn: ẹ fi ọ̀dà dúdú kun àtẹ́lẹwọ́ ẹ̀gbọ́n àti ìka mẹ́rin, ẹ yọ àtàǹpàkò sílẹ̀. Ẹ tẹ ọwọ́ kan sórí ìwé kí ìka kọjú sí ọ̀tún, ẹ wá tẹ ìkejì kí ìka kọjú sí òsì, kí àtẹ́lẹwọ́ méjèèjì gun ara wọn. Mẹ́rin níhìn-ín, mẹ́rin lọ́hùn-ún, ẹsẹ̀ 8 tí alántakùn ní gan-an nìyẹn. Ẹ jẹ́ kó fi Yorùbá kà á: ení, èjì, ẹ̀ta, títí dé ẹ̀jọ.

Tí àbúrò kò bá fẹ́ kí ọ̀dà kan òun lọ́wọ́ (àwọn mìíràn á sunkún bí ẹni tí nǹkan ta), ẹ gé ìwé funfun bí elégédé, ẹ tì í bọ inú ọ̀rá oníṣíìpù, ẹ ta ọ̀dà pupa díẹ̀ àti yẹ́lò díẹ̀ sí i, ẹ ti ẹnu rẹ̀, ẹ fi sẹ́lótéèpù lẹ gbogbo rẹ̀ mọ́ tábìlì. Kó máa fi ọwọ́ tẹ̀ ẹ́ láti òkè. Ojú rẹ̀ á máa wo bí pupa àti yẹ́lò ṣe ń pàdé di àwọ̀ ọsàn. Ilé ò dọ̀tí, aṣọ ò dọ̀tí.

Ọ̀dà tí omi lásán ń fọ̀ ni kẹ́ ẹ rà. Ẹ má ra ojú ike kéékèèké tó ń yí gbirigbiri yẹn nítorí àbúrò, ẹ fi bírò ya ojú. Ohunkóhun tó bá lè gba inú páálí tísù kọjá kò yẹ lọ́wọ́ ọmọ tí kò tíì pé ọdún 3, torí ó lè há a lọ́fun.

Bàbá Ọmọ Mẹ́ta, Dallas

Tíṣà ti sọ ọ́ tán, ẹ jẹ́ kí n fi ti elégédé gidi kún un. Ẹ má tètè gé e. Texas ṣì ń móoru lóṣù Kẹwàá, elégédé tẹ́ ẹ bá gé lónìí, kí ọ̀sẹ̀ tó parí ó ti ń jẹrà, eṣinṣin ti bò ó. Ẹ ra kékeré méjì, ẹ fọ èèpo rẹ̀, ẹ nù ún gbẹ kí ọ̀dà lè mú, kí kálukú kun tirẹ̀.

Ní ọjọ́ 31 gan-an, ẹ̀yin fúnra yín bẹ́ orí ọ̀kan. Ẹ tẹ́ bébà sílẹ̀, ẹ jẹ́ kí wọ́n ti ọwọ́ bọ̀ ọ́. Inú rẹ̀ tútù, fọ́nrán rẹ̀ ń yọ̀ mùlọ̀mùlọ̀, ọmọ mi kékeré fi nǹkan bí ogójì ìṣẹ́jú wá kóró inú rẹ̀. Kóró yẹn ò yẹ lẹ́nu àbúrò o, ẹ máa wò ó. Tẹ́ ẹ bá kó inú rẹ̀ tán, ẹ gbẹ́ ojú àti ẹnu sí i lára, ẹ da sódà tí wọ́n fi ń ṣe kéèkì síbẹ̀, ṣíbí mẹ́ta, kí ẹ̀gbọ́n rọra da fínígà lé e. Á hó, á ru jáde lójú àti lẹ́nu elégédé.

Ẹ má tan àbẹ́là sínú rẹ̀ níbi tí ọmọ wà, ẹ lo iná alábátìrì. Ẹ sì yẹ̀ ẹ́ wò pé ìṣó oníyìípo ló de ibi tí bátìrì wà. Bátìrì pẹlẹbẹ bíi kọ́bọ̀ yẹn, tí ọmọ bá gbé e mì, láàárín wákàtí 2 ó lè jó ọ̀nà ọ̀fun rẹ̀. Ilé ìwòsàn kíá ni, ẹ má dúró wò ó.

Ìyá Ìbejì, London

Àwa kì í ṣe Halloween nílé wa. Ṣọ́ọ̀ṣì wa máa ń kó àwọn ọmọ jọ lálẹ́ 31 sídìí ìmọ́lẹ̀ àti orin, ibẹ̀ ni tèmi ń lọ. Mi ò fi ìyẹn dá ẹnikẹ́ni lẹ́jọ́. Ohun tí mo fẹ́ sọ ni ti ìyá ọkọ yín. Ẹ má fi pamọ́ fún wọn. Ẹ pè wọ́n lórí fídíò nígbà táwọn ọmọ bá ń kun elégédé, kẹ́ ẹ sì bi wọ́n bí wọ́n ṣe ń se gbọ̀rọ̀. Ewé elégédé náà ṣáà ni gbọ̀rọ̀. Ẹ̀rù ń ba màmá nítorí wọn ò rí ohun tẹ́ ẹ̀ ń ṣe.

Bàbá Ọmọ Mẹ́ta, Dallas

Òótọ́ ni, Ìyá Ìbejì. Ẹ tún lè sọ fún màmá pé aṣálẹ́ Ọjọ́ Gbogbo Ènìyàn Mímọ́ ni orúkọ Halloween yẹn túmọ̀ sí, torí 1 Oṣù Kọkànlá ni ọjọ́ ọ̀hún. Ilẹ̀ Ireland àti Scotland ni wọ́n ti ń gbẹ́ ojú sára tọ́nípù, gbòǹgbò kan tí wọ́n ń jẹ, fún ọjọ́ yẹn. Nígbà táwọn ará Ireland ṣí wá sí Amẹ́ríkà, elégédé ni wọ́n bá níbí, ó tóbi ju tọ́nípù lọ, ó sì rọrùn láti gbẹ́.

Ọmọ Ìjẹ̀bú, Atlanta

Ẹ̀gbọ́n mi, tẹ́ ẹ bá fẹ́ kí wọ́n kan ilẹ̀kùn àwọn aládùúgbò láti gba súìtì, bí àwọn ọmọ ibí ṣe máa ń ṣe lọ́jọ́ Halloween, ilé mẹ́ta tó, ti àwọn tẹ́ ẹ mọ̀. Nǹkan bí aago mẹ́fà àbọ̀ ni oòrùn ń wọ̀ ní Houston lọ́jọ́ yẹn, ẹ tètè jáde kí ilẹ̀ tó ṣú, kí àbúrò má tún pàdé egungun míì. Ẹ yọ súìtì líle, gúgúrú àti odindi ẹ̀pà kúrò nínú ohun tí wọ́n bá kó bọ̀, ọmọ tí kò tíì pé ọdún 4 kò yẹ kó jẹ wọ́n.

Ọmọ tèmi kò gbọdọ̀ fẹnu kan ẹ̀pà rárá, torí kì í bá a lára mu. Ilé tẹ́ ẹ bá ti rí elégédé tí wọ́n fi ọ̀dà tó wà láàárín búlúù àti àwọ̀ ewé kùn níwájú, ohun ìṣeré ló wà níbẹ̀ fún irú ọmọ bẹ́ẹ̀, kì í ṣe oúnjẹ nìkan. Láti 2014 ni FARE, ẹgbẹ́ tó ń ṣiṣẹ́ fún àwọn tí oúnjẹ kan kì í bá lára mu, ti ń polongo rẹ̀ káàkiri Amẹ́ríkà. Tẹ́ ẹ bá lè kun ọ̀kan bẹ́ẹ̀, ẹ ó ṣe ìyá kan lóore. Ìgbà àkọ́kọ́ tí mo rí i ládùúgbò wa, omi bọ́ lójú mi.

Màmá Àgbà, Chicago

Ọmọ mi, o kú làálàá. Gbogbo wọn ti sọ ti ọwọ́, kò tíì sẹ́ni tó sọ ti ògiri tó ń ba ọmọ lẹ́rù. Kó o tó lọ síbi iṣẹ́, pa iná ńlá, fi ti ọ̀nà sílẹ̀. Fún un ní tọ́ọ̀ṣì kó dì í mú fúnra rẹ̀. Jókòó tì í, fi ọwọ́ rẹ ṣe ajá, ṣe ehoro, ṣe ẹyẹ tó ń fò lára ògiri. Òun ni kó máa tàn án, òun ni kó máa pa á. Tó bá pa á, kí ẹyẹ lọ. Tó bá tàn án, kí ẹyẹ dé. Má fi agbára mú un. Tó bá ní ó tó, ó tó.

Ìyá Ẹ̀gbọ́n àti Àbúrò, Houston

Ẹ ṣeun, ẹ ṣeun, Ọlọ́run á bá wa wo gbogbo ọmọ. Mo ní kí n wá jábọ̀. Àdán mẹ́rin ló wà lókè fèrèsé wa báyìí, ìyẹ́ ọ̀kan wọ́, ti àbúrò ni, kò gbà kí n tún un ṣe. Alántakùn ni ẹ̀gbọ́n yóò gbé lọ sí jẹ́lé-ó-sinmi. Ìyá ọkọ mi wà lórí fídíò nígbà tí wọ́n ń kun elégédé. Wọ́n kọ́kọ́ dákẹ́, lẹ́yìn náà wọ́n ní, "Ṣé bí elégédé ibẹ̀ ṣe pupa tó nìyẹn?" Wọ́n sì bẹ̀rẹ̀ sí í ka ẹsẹ̀ alántakùn pẹ̀lú ẹ̀gbọ́n.

Màmá Àgbà, tọ́ọ̀ṣì yẹn, inú bẹ́ẹ̀dì ló ń gbé e sùn. Lánàá ó tan iná sí ògiri, ó ní, "Ẹyẹ, wá."

Ìbéèrè kan ló kù. Màmá ní ká fi àdán kan ránṣẹ́ sí àwọn ní Ìbàdàn. Báwo ni kò ṣe ní rún lójú ọ̀nà?

Tíṣà Ọmọ Wẹ́wẹ́, Maryland

Ẹ yọ ìyẹ́ rẹ̀, ẹ tẹ páálí rẹ̀ pẹlẹbẹ, ẹ fi wọ́n sáàárín páálí líle méjì nínú àpò ìwé. Ẹ ya bí wọ́n ṣe máa tún un lẹ̀ sí ẹ̀yìn rẹ̀, kí màmá fọwọ́ ara wọn tò ó.