Ọlọ́pàá ìlú kékeré: ṣé wọ́n ń ṣiṣẹ́ fún wa ni àbí wọ́n kàn wà níbẹ̀?

Àdùkẹ́_Aládùúgbò

Ẹ̀yin ará, ẹ kú iṣẹ́ o. Mo fẹ́ gbọ́ ti àwọn tó ń gbé ìlú kékeré tàbí àwọn àdúgbò tó wà lẹ́yìn ìlú ńlá. Àwọn olè já wọ ilé màmá àgbà kan tó múlé tì wá lóru, màmá ń dá gbélé ni, wọ́n tilẹ̀kùn yàrá mọ́ra wọ́n pe ọlọ́pàá, ọlọ́pàá ní àwọn ń bọ̀, àwọn olè kó ohun tó wù wọ́n wọ́n bá tiwọn lọ, ilẹ̀ ti mọ́ kí ẹnikẹ́ni tó yọjú. Ọmọkùnrin tó wá náà ò burú o, ó fi sùúrù bá màmá sọ̀rọ̀, ó kọ gbogbo ẹ̀ sílẹ̀, ó fún wọn ní nọ́ńbà kan lórí bébà, ó lọ. Ibi tọ́rọ̀ mọ nìyẹn. Kò sẹ́ni tó pè wọ́n padà títí di bá a ṣe ń sọ̀rọ̀ yìí, màmá ò sì rí oorun sùn dáadáa mọ́. Bẹ́ẹ̀ láràárọ̀ ni mọ́tò ọlọ́pàá máa ń wà lẹ́bàá títì tó ń dúró de ẹni tó bá sáré jù kí wọ́n lè já tíkẹ́ẹ̀tì fún un.

Ní báyìí àwọn kan ti ń sọ ọ́ pé ká pa ọlọ́pàá tiwa rẹ́ ká lọ dara pọ̀ mọ́ ti àgbègbè tó tóbi. Ṣé ìyẹn máa sàn jù ni? Kí lèèyàn fi ń mọ̀ pé ọlọ́pàá ìlú òun ń ṣiṣẹ́ gan-an?

GbohùnÒru

Àǹtí, ẹ bá wa kí màmá o, ẹ ní wọ́n kú ewu. Mo ti ṣiṣẹ́ nídìí fóònù tí wọ́n fi ń gba ìpè pàjáwìrì rí, ẹ jẹ́ n sọ bó ṣe máa ń rí lóru. Níbi tí ọlọ́pàá ò ti pọ̀, àwọn méjì ló sábà máa ń wà lẹ́nu iṣẹ́ lóru, nígbà míì ẹnì kan péré. Tí wọ́n bá wá lọ mú ọ̀mùtí kan tó ń wakọ̀, wọ́n máa gbé e lọ síbi tí àtìmọ́lé wà, ó sì lè jìnnà gan-an, wọ́n á ní kó fẹ́ atẹ́gùn sínú ẹ̀rọ, wọ́n á ya fọ́tò ẹ̀, wọ́n á gba ìtẹ̀ka ẹ̀, wọ́n á kọ ìwé lórí ìwé, kí wọ́n tó wakọ̀ padà ilẹ̀ ti ń mọ́ bọ̀. Ní gbogbo àkókò yẹn kò sí ọlọ́pàá kankan nílùú o. Àwa tá a wà nídìí fóònù mọ̀, àmọ́ "wọ́n ń bọ̀" la máa ń sọ. Ohun tó dùn mí jù nínú iṣẹ́ yẹn nìyẹn, torí ká ní a sọ òótọ́ ni, ẹni tó ń pè ì bá ti pariwo sí aládùúgbò. A lè bẹ ìlú kejì kí wọ́n bá wa rán èèyàn wá, wọ́n máa ń ṣe àdéhùn lórí ìyẹn, ṣùgbọ́n àwọn náà lè má ju méjì lọ.

Kì í ṣe ìlú yín nìkan. Ní Amẹ́ríkà, bíi 18,000 ni ilé-iṣẹ́ agbófinró tó wà níbẹ̀, nǹkan bí ìdajì àwọn ilé-iṣẹ́ ọlọ́pàá ìlú ni ò sì ní tó ọlọ́pàá 10.

Àmọ́ ti pé wọn ò pe màmá padà yẹn, kò sí àwáwí fún un lójú tèmi. Fóònù ìṣẹ́jú méjì ni. Ẹ fi nọ́ńbà orí bébà yẹn pè wọ́n, ẹ béèrè orúkọ ẹni tí ọ̀rọ̀ náà wà lọ́wọ́ ẹ̀.

Tíṣà_Lánre

Ẹ fojú sí ọ̀rọ̀ tíkẹ́ẹ̀tì yẹn dáadáa. Ìlú kékeré tí owó ò wọlé fún máa ń sọ ọlọ́pàá di agbowó. Ferguson ni ẹ wò, ìlú kékeré kan lẹ́yìn St. Louis ní ìpínlẹ̀ Missouri ní Amẹ́ríkà, èèyàn bíi 21,000 ló wà níbẹ̀ ní 2010. Lẹ́yìn tí ọlọ́pàá yìnbọn pa Michael Brown ní 2014, ìjọba àpapọ̀ lọ tú ìwé wọn wò, ohun tí wọ́n gbé jáde ní oṣù kẹta 2015 ni pé àwọn aláṣẹ ìlú ló ń ti ọlọ́pàá nídìí pé kí wọ́n máa pawó wọlé. Aláwọ̀ dúdú jẹ́ 67% nínú ará ìlú, nínú àwọn tí wọ́n ń mú wọ́n jẹ́ 93%. Obìnrin kan gbé mọ́tò síbi tí kò yẹ ní 2007, lẹ́ẹ̀kan péré o, wọ́n já tíkẹ́ẹ̀tì méjì fún un, $151 àti owó orí owó, nígbà tó fi máa di ìparí 2014 ó ti san $550, wọ́n ní ó ṣì ku $541, ó sì ti sun àtìmọ́lé ọjọ́ 6 lórí ẹ̀. Torí páákì! Ta ló máa fẹ́ fẹnu ara ẹ̀ pe irú ọlọ́pàá bẹ́ẹ̀ nígbà tólè bá wọlé?

ÌyáẸníọlá

Mo mọ̀ pé ẹnì kan máa wá sọ pé ọlọ́pàá tó mọ ará ìlú ló dáa jù. Òótọ́ ni, ó mọ ọmọ tó ń dàlú rú, ó mọ ìyá ẹ̀, ó lè bá a wí láì fi ṣẹkẹ́ṣẹkẹ̀ sí i lọ́wọ́. Àmọ́ ẹ jọ̀ọ́ ẹ ro ti obìnrin tí ọkọ ń lù, tí ọkọ yẹn àti ọ̀gá ọlọ́pàá jọ dàgbà. Ó dé tésàn, ojú ẹ̀ ti wú, wọ́n ní "ṣé ìyàwó lágbájá kọ́ nìyí, ẹ lọ parí ẹ̀ nílé," kó tó rìn délé ọkọ ti gbọ́ pé ó lọ fẹjọ́ sùn. Nílùú ńlá tésàn míì wà tó lè lọ. Nílùú kékeré níbo ló fẹ́ lọ? Àfi kí ẹni tí kò bá wọn tan wà níta, tó lágbára láti pè wọ́n kí wọ́n wá ṣàlàyé.

Ohun míì tún ni pé àwọn tí wọ́n lé níbì kan, ibi tówó ò ti pọ̀ ni wọ́n ń rí iṣẹ́. Wọ́n ṣèwádìí ẹ̀ ní Florida, ó jáde ní 2020, wọ́n rí i pé ọlọ́pàá tí wọ́n ti lé rí máa ń bọ́ sí ilé-iṣẹ́ ọlọ́pàá tó kéré tí kò lówó, ó sì ṣeé ṣe kí wọ́n tún lé e ju àwọn ẹlẹgbẹ́ ẹ̀ lọ. Ẹ béèrè ibi tí ọlọ́pàá yín ti ń ṣiṣẹ́ tẹ́lẹ̀ o.

Ajíbọ́lá_K

Ẹ má kánjú dara pọ̀. Scotland da ilé-iṣẹ́ ọlọ́pàá mẹ́jọ pọ̀ di ẹyọ kan ní 2013, wọ́n sì ń ti àwọn yàrá tí wọ́n ti ń gba ìpè ní kọ̀ọ̀kan. Ní oṣù keje 2015 ẹnì kan pè pé òun rí mọ́tò kan tó já kúrò lójú títì M9, wọ́n gbé fóònù ẹ̀ o, àmọ́ wọn ò tẹ ohun tó sọ sínú kọ̀ǹpútà, ó di lẹ́yìn ọjọ́ mẹ́ta kẹ́nikẹ́ni tó débẹ̀. Ẹni méjì ló wà nínú ẹ̀, ọ̀kan ṣì wà láàyè lọ́jọ́ tí wọ́n dé ibẹ̀, ó wá kú sí ọsibítù. Ó máa ń dùn mí tí mo bá rántí.

Kí wọ́n má sì fi ọ̀rọ̀ mọ́tò ọlọ́pàá púpọ̀ tàn yín. Ní Kansas City ní Amẹ́ríkà, láàárín 1972 sí 1973, wọ́n yọ mọ́tò ọlọ́pàá tó ń yí ká kúrò láwọn àdúgbò kan, wọ́n sọ ọ́ di ìlọ́po láwọn míì, olè jíjà ò yàtọ̀, ará ìlú gan-an ò mọ ìyàtọ̀. Ti Japan ló wù mí jù, lábúlé, ọlọ́pàá àti ìyàwó àti ọmọ ẹ̀ ló ń gbé inú tésàn, á máa lọ láti ilé dé ilé, á mọ àgbàlagbà tó ń dá gbé. Abẹ́ ilé-iṣẹ́ ńlá ló wà o, owó ò wọ́n ọn, ẹ̀kọ́ ò sì wọ́n ọn, àmọ́ àárín àwọn èèyàn ló ń gbé. Èyí ni kẹ́ ẹ jà fún, bóyá ẹ dara pọ̀ o, bóyá ẹ ò dara pọ̀.

Àdùkẹ́_Aládùúgbò

Ẹ ṣeun gan-an ni, mo ti kọ gbogbo ẹ̀ sílẹ̀. Ọ̀rọ̀ ÌyáẸníọlá yẹn gbà mí láyà. Wọ́n máa pe ìpàdé lórí ẹ̀ láìpẹ́, GbohùnÒru ẹ jọ̀ọ́, kí ni kí n ní kí wọ́n fi hàn wá gan-an tí wọn ò fi ní fi ọ̀rọ̀ dídùn lé wa lọ?

GbohùnÒru

Aago mẹ́ta: aago tí ìpè wọlé, aago tí wọ́n rán ẹnì kan jáde, aago tó débẹ̀. Mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ló wà nínú kọ̀ǹpútà wọn. Ẹ má jẹ́ kí wọ́n ro ọ̀sán àti òru pọ̀ kí wọ́n wá pín in fún yín, ti ọ̀sán máa bo ti òru mọ́lẹ̀, ẹ ní kí wọ́n ya òru sọ́tọ̀. Kí wọ́n tún sọ iye òru tó jẹ́ pé ẹnì kan ṣoṣo ló wà lẹ́nu iṣẹ́, àti iye àwọn tó fẹjọ́ sùn tí wọ́n pè padà. Tí àwọn tó fẹ́ kẹ́ ẹ dara pọ̀ bá wà níbẹ̀, ìbéèrè kan náà ni kẹ́ ẹ bi wọ́n, kẹ́ ẹ wá ní kí wọ́n kọ iye ọlọ́pàá tó máa wà nílùú yín lóru sínú àdéhùn. Tí wọ́n bá ní àwọn ò lè kọ ọ́, ẹ ní kí wọ́n sọ ìdí ẹ̀ níṣojú gbogbo yín.