Ilé-iṣẹ́ ìnṣọ́ránsì méjì: èwo ni kí n mú?

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin onímọ̀. Mo fẹ́ ra ìnṣọ́ránsì ẹ̀mí fún ogún ọdún nítorí àwọn ọmọ mi. Abẹ́ òfin Solvency II ti ilẹ̀ Yúróòpù ni ilé-iṣẹ́ méjèèjì tí mò ń wò wà.

Mo ti ka ìròyìn ọdọọdún wọn. Òfin náà fẹ́ kí wọ́n ní owó tó lè gba irú àdánù ńlá tó jẹ́ pé ẹ̀ẹ̀kan péré ló ń ṣẹlẹ̀ nínú 200 ọdún. Owó tí ilé-iṣẹ́ àkọ́kọ́ ní jẹ́ 230% iye tí òfin fẹ́ yẹn, ti èkejì 165%. Ọkàn mi ti fẹ́ lọ sí àkọ́kọ́, àmọ́ nígbà tí mo dé ojú ewé tí wọ́n ti to owó náà sí ìsọ̀rí, mo rí i pé apá tó tóbi nínú tirẹ̀ jẹ́ owó yíyá. Ti èkejì fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ owó àwọn onípìn-ín pátá. Bẹ́ẹ̀, ọdún kan péré ni ìṣirò náà ń wò síwájú! Ìyẹn ló ń kọ mí lóminú.

Fún àdéhùn ogún ọdún, ṣé ìdá tó ga ni kí n gbára lé ni, àbí irú owó tó wà nídìí rẹ̀?

Ẹ má bínú pé ọ̀rọ̀ mi gùn. Mo dúpẹ́ ṣáájú.