Ẹ gbà mí o! Mo tún fáìlì ṣe pẹ̀lú Ansible, server ń dà á padà

Tèmi_Ops: Ẹ kú iṣẹ́ o ẹ̀yin ará. Ọ̀rọ̀ yìí ti sú mi pátápátá. Èmi ni mò ń mójú tó server ọ́fíìsì wa, ó lé ní 400, ọ̀gá mi ò sì mọ̀ ju kó máa pè mí lóru lọ. Èmi ni mo ní ká máa lo Ansible, irinṣẹ́ tá a fi ń ṣètò server púpọ̀ láti ojú kan, torí kò sí agent (ètò tó ń dá ṣiṣẹ́ lórí server) tá a máa fi sórí server kọ̀ọ̀kan, SSH tá a fi ń wọ server látòkèèrè àti Python ti tó, àwọn tá a jọ ń ṣiṣẹ́ wá ń fi mí ṣe yẹ̀yẹ́ pé shell script àwọn sàn jù ú lọ, ọ̀kan ò tiẹ̀ kí mi mọ́ látìgbà tí mo ti gba root (àṣẹ tó ga jù lórí server) lọ́wọ́ ẹ̀. Ohun tó ń dùn mí rèé: mo máa yí sshd_config, fáìlì ètò SSH, padà, Ansible á kọ "changed", tó bá ṣe díẹ̀ fáìlì náà á ti padà sí bó ṣe wà tẹ́lẹ̀! Àwọn server tó ti pẹ́ nìkan ló ń ṣe é. Ó tún ń falẹ̀ gan-an. Ṣé kí n kúkú lọ sí Salt, irinṣẹ́ míì bíi Ansible, ni?

Ẹ̀gbọ́n_Kernel: Àbúrò, o rojọ́ púpọ̀, o ò sọ ohun tá a fẹ́ gbọ́. OS wo ni? Ta ló tún lè wọ àwọn server yẹn? Fi --check àti --diff sí i kó fi ohun tó máa yí hàn ẹ́ láì tíì yí i, fi --limit mú ẹyọ kan, má kó gbogbo ẹ̀ lẹ́ẹ̀kan.

Bọ́lá_D: Ti fífalẹ̀ yẹn, forks ni o. Server 5 péré ni Ansible ń bá ṣiṣẹ́ lẹ́ẹ̀kan náà tí ẹ ò bá yí i. Ẹ gbé e sókè nínú ansible.cfg.

Àgbà_Oṣó: CFEngine làwa fi bẹ̀rẹ̀, irinṣẹ́ bíi Ansible tí Mark Burgess kọ ní Oslo lọ́dún 1993. Agent ẹ̀ á máa yẹ server wò ní ìṣẹ́jú 5-5, ohun tó bá yẹ̀ á tún un ṣe fúnra ẹ̀. Níbi iṣẹ́ mi àtijọ́, ẹnì kan fi ọwọ́ yí /etc/hosts, kó tó jókòó ó ti padà. Ansible ò lè ṣe ìyẹn, àfi tẹ́ ẹ bá rán an.

Minion_Ọ̀gá: Salt ni kó o lò jàre, ó yá ju gbogbo wọn lọ.

Ẹ̀gbọ́n_Kernel: Ó yá lóòótọ́, àmọ́ ní 2020, àléébù ààbò kan nínú Salt, CVE-2020-11651, jẹ́ kí ẹni tó bá lè dé pọ́ọ̀tù 4506 pàṣẹ fún master (server tó ń darí àwọn tó kù) láìsí páásíwọọ̀dù. Ẹ má ti ọmọ ọlọ́mọ sínú ìyẹn.

Minion_Ọ̀gá: Wọ́n ti tún un ṣe! Ta ló ní kí wọ́n ṣí master síta?

Tèmi_Ops: Ẹ̀gbọ́n, mo ti ṣe --check, ó dáa. Èmi nìkan ni mo ní root, ẹ má wulẹ̀ wá ẹnì kankan. Ansible tí mo mú yìí náà ló dáa.

Bọ́lá_D: Ẹ fi stat wo àkókò tí fáìlì yẹn yí padà, kẹ́ ẹ sì fi ps wo àwọn ètò tó ń ṣiṣẹ́.

Tèmi_Ops: Ó ń padà láàárín ọgbọ̀n ìṣẹ́jú. Mo rí puppet agent nínú ps. Ẹni tó wà níbẹ̀ ṣáájú mi ló fi Puppet, irinṣẹ́ bíi Ansible tó ń lo agent, sí i, àmọ́ a ti pa master ẹ̀ tipẹ́, ìdí nìyẹn tí mi ò fi dárúkọ ẹ̀.

Ẹ̀gbọ́n_Kernel: Háà! Ohun tó yẹ kó o kọ́kọ́ sọ nìyẹn! Ọgbọ̀n ìṣẹ́jú ni agent Puppet máa ń jí. Tí kò bá rí master, catalog (àkọsílẹ̀ bó ṣe yẹ kí server rí) tó ti gbà tẹ́lẹ̀ ló máa lò, usecacheonfailure ló ń jẹ́ bẹ́ẹ̀. Tí ohun tó wà nínú fáìlì bá ti wà nínú catalog, á máa kọ ọ́ padà lọ títí. Má yọ ọ́ kúrò o! Ṣe puppet agent --disable lórí ẹyọ kan, kó o ka JSON tó wà ní /opt/puppetlabs/puppet/cache/client_data/catalog, wo gbogbo ohun tó ń mójú tó.

Àgbà_Oṣó: Ẹ rí i? Agent ló ṣì ń ṣiṣẹ́ ẹ̀ bí iṣẹ́.

Tèmi_Ops: Mo ti ṣe é lórí ọ̀kan, sshd_config dúró! Àmọ́ cron (iṣẹ́ tá a ti fi àkókò sí) tó ń ṣe backup database náà wà nínú catalog yẹn o, àti àkáǹtì àwọn DBA tó ń mójú tó database. Mò ń kọ wọ́n sínú playbook (fáìlì tá a fi ń pàṣẹ fún Ansible) kí n tó fọwọ́ kan èyí tó kù.