Ta ló ń kọlu ta? Lórí "akọlù", "ìyọkúrò" àti bọ́ńpà Range Rover

Ẹ̀yin àgbà àti ẹ̀gbọ́n mi gbogbo, ẹ kú iṣẹ́ èdè o.

Mo ti ka ìtumọ̀ tí Ẹ̀gbọ́n wa gbé síwájú wa, èyí tí wọ́n pe àkọlé rẹ̀ ní "Ìtàn àti Ìyọkúrò Akọlù Ọkọ̀ Afọ̀nàsílẹ̀". Range Rover ni wọ́n ń sọ: "akọlù" ni wọ́n pe bọ́ńpà, "ìyọkúrò" ni wọ́n pe títú u, "ọkọ̀ afọ̀nàsílẹ̀" ni wọ́n sì fi túmọ̀ "off-road vehicle" òyìnbó. Apá kan sọ bí ọkọ̀ náà ṣe bẹ̀rẹ̀, apá kejì ń kọ́ni bí a ṣe ń tú bọ́ńpà rẹ̀. Mo kí wọn fún làálàá, mo sì mọ̀ pé wọ́n ti ń kọ́ni ní Yorùbá kí n tó mọ̀wé kọ, wọ́n ti rán wa létí ìyẹn lẹ́ẹ̀mejì. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ mẹ́ta ló wà nínú àkọlé yẹn tó ń dùn mí.

Ẹ jẹ́ ká mú "akọlù". A- olóhùn àárín tó wà níwájú rẹ̀, olùṣe ló ń tọ́ka sí. Apẹja ló ń pa ẹja, ẹja kọ́ ló ń pa á. Bí ẹ bá ti pè é ní akọlù, ẹ ti sọ bọ́ńpà di jàgídíjàgan tó ń dìde lọ bá ọmọ ẹlòmíràn jà. Bẹ́ẹ̀, òun ni wọ́n ń kọlù! Ẹnìkan dáhùn pé ká fi ohùn ìsàlẹ̀ sí i, kó di "àkọlù". Ìyẹn náà ò ràn án lọ́wọ́, torí àkọlù ni ìṣẹ̀lẹ̀ náà gan-an. Àfòmọ́ kékeré, ègé tí à ń so mọ́ ọ̀rọ̀, kì í ṣe ohun àmúṣeré. Àgbàtọ́ ni ọmọ tí wọ́n ń tọ́, alágbàtọ́ ni ẹni tó ń tọ́ ọ. Ẹni tó bá pa méjèèjì pọ̀ ti sọ ọmọ di bàbá.

Ẹlòmíràn mú "agbàlù" wá, ó ní ohun tó ń gba ìlù ni. Ìlù wo? Etí Yorùbá tó bá gbọ́ ìlù, gángan àti bàtá ló máa rò. Bí ahọ́n bá sì yọ̀ díẹ̀ tó gbé ohùn sókè, ó di agbàlú, jagunjagun tó ń gba ìlú onílùú. Ohùn kan péré ló wà láàárín wọn.

Ẹ̀gbọ́n ní àwọn ará Jámánì náà dárúkọ ìkọlù nínú orúkọ tí wọ́n fún un. Òótọ́ ni, Stoßstange ni wọ́n ń pè é, ṣùgbọ́n ọ̀pá ni stange. Ọ̀pá ìkọlù ni wọ́n sọ, wọn ò sọ pé ọ̀pá ló ń kọlu èèyàn. Àwọn Faransé ní tiwọn pè é ní pare-chocs, ohun tó ń ká ìkọlù lọ́wọ́ kò, èyí ló sì wọ̀ mí lọ́kàn jù. Àwa ò sì ṣaláìní ọ̀rọ̀ tiwa. Nígbà tí nǹkan bá ba ẹnìkan, ṣé a kì í sọ pé ó fara gbá a? Afaragbá: ohun tó ń fi ara tirẹ̀ gbá a kí ara ọkọ̀ má baà gbá a. Afaragbá iwájú, afaragbá ẹ̀yìn. Ohun tí mo dábàá nìyẹn.

"Ìyọkúrò" ló bí mi nínú jù. Ní kíláàsì ìṣirò ni mo ti mọ yíyọ kúrò: yọ méjì kúrò nínú márùn-ún. A ń yọ eyín, a ń yọ ẹ̀gún lẹ́sẹ̀. Ohun tó rì sínú nǹkan là ń yọ. Mo kọ́ṣẹ́ ọkọ̀ kí n tó dojú kọ ìwé. Ọjọ́ kan, ọ̀gá ní kí n gba bọ́ńpà iwájú kúrò lára jíìpù kan. Mo tú ti òkè, mo tú ti abẹ́, mo wá di etí rẹ̀ mú, mo fà á. Mo gbọ́ "kẹ́ẹ́". Síkúrù kan ṣì wà lábẹ́ fẹ́ńdà, níbi tí ike dúdú tó bo orí táyà ti pàdé bọ́ńpà, mi ò rí i. Etí ike náà ya, wáyà iná nà tantan lẹ́yìn rẹ̀. Ọ̀gá ò lù mí. Wọ́n kúnlẹ̀, wọ́n fi ìka mú síkúrù náà, wọ́n ní: "Bọ́tìnnì ló yẹ kó o tú. Ta ló ń fa ẹ̀wù ya lọ́rùn ẹni?" Láti ọjọ́ yẹn ni mo ti mọ̀ pé bọ́ńpà òde òní, bíbọ́ ni à ń bọ́ ọ.

Ìtàn ọkọ̀ náà fúnra rẹ̀ jẹ́rìí sí i. Nígbà tí Range Rover jáde ní 17 oṣù Kẹfà, 1970, irin gbọọrọ ni bọ́ńpà rẹ̀, ìta gbangba ló wà. Èèyàn lè tú ìyẹn pẹ̀lú sípánà, kó gbé e sílẹ̀, kó tán. Nígbà tí ìran kejì dé ní 1994, ike ti bo irin lójú. Ọ̀pá tó ń gba ìyà wà nínú, awọ wà níta. Ẹ̀gbọ́n fi "ìyọkúrò" kan ṣoṣo bo iṣẹ́ mẹ́ta: kílíìpù là ń yọ, síkúrù là ń tú, awọ là ń bọ́. Èdè tó ní ọ̀rọ̀ ìṣe mẹ́ta tó mú bẹ́ẹ̀, kí ló dé tí ẹ fi fún un ní ẹyọ kan tó kújú?

"Afọ̀nàsílẹ̀" ńkọ́? Ẹni tó fi ọ̀nà sílẹ̀ ti ṣìnà nìyẹn, kódà a máa ń sọ ọ́ fún ọmọ tó yàyàkuyà. Ọkọ̀ yìí ò sì fi ọ̀nà sílẹ̀ rí. Ohun tí Charles Spencer King àti Gordon Bashford ń wá ní iléeṣẹ́ Rover láàárín àwọn ọdún 1960 ni ọkọ̀ tó máa rọrùn lójú títì tí kò sì ní kú sínú ẹrẹ̀. Ìdí nìyẹn tí wọ́n fi gbé e ka sípíríǹgì rírọ̀ dípò irin pẹlẹbẹ àwọn Land Rover ìgbà náà, tí wọ́n fi ẹ́ńjìnnì V8 oní líta 3.5 sí i, tí táyà mẹ́rẹ̀ẹ̀rin sì ń wakọ̀ nígbà gbogbo. "Ọkọ̀ atọ̀nà-tọgbó" ni mo máa pè é. Ó gùn, mo mọ̀, ṣùgbọ́n kò parọ́ mọ́ ọn.

Ẹ jẹ́ kí n yà díẹ̀. Kí wọ́n tó gbé e jáde, Velar ni wọ́n kọ sára àwọn ọkọ̀ tí wọ́n kọ́kọ́ fi ń dán an wò, kí ará ìta má mọ ẹni tó ṣe é. Ọ̀rọ̀ tó túmọ̀ sí "bò" ni, láti inú èdè Látìnì. Láti gbòǹgbò kan náà ni "velum" ti wá, orúkọ tí àwọn onímọ̀ ìró èdè ń pe àfàsé, aṣọ ìkélé tó wà lẹ́yìn òkè ẹnu. Inú mi dùn nígbà tí mo ṣàkíyèsí rẹ̀.

Àfàsé náà ló sì máa bá wa parí ìjà àwọn tó ń kọ "bọ́ḿpà". P tiwa kì í ṣe p òyìnbó. Àfàfàséfètèpè ni, ètè àti àfàsé jọ ń ṣiṣẹ́. Ń là ń kọ ṣáájú rẹ̀, bíi pańpẹ́. Ḿ wà fún b.

Ẹ wo bí mo ṣe tún ìpín ìtọ́ni yẹn kọ:

"Yọ kílíìpù òkè lábẹ́ bọ́nẹ́ẹ̀tì. Tú síkúrù abẹ́ fẹ́ńdà lọ́tùn-ún àti lósì, kí o tú ti ìsàlẹ̀ náà. Kí ẹni méjì di awọ afaragbá mú, kí wọ́n bọ́ ọ síwájú díẹ̀. Yọ ẹnu wáyà iná kúrò nínú ihò rẹ̀, kí ẹ tó bọ́ awọ náà tán. Ọ̀pá afaragbá ló kù: tú nọ́ọ̀tì rẹ̀."

Ẹ̀gbọ́n, ẹ fi gbólóhùn tiyín tì í, kí ẹ kà á sókè fún ẹni tó mú sípánà lọ́wọ́.